Láti Bridgnorth

Aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìrì ṣì wà lórí koríko.
Mo wọ́ ọkọ̀ pupa mi kọjá lójúde àwọn tó ń sùn,
ìdí rẹ̀ ń ha òkúta bí ológbò tó fẹ́ wọlé.
Glyn Prosser ló tà á fún mi, ọgọ́fà pọ́n-ùn;
orúnkún rẹ̀ ti kọṣẹ́. Ó ní kí n má kùn ún ní àwọ̀ mìíràn.
Búrẹ́dì, ẹyin sísè mẹ́ta, tíì gbígbóná nínú fúláàsì:
mo dì wọ́n sínú àpò rọ́bà, mo jókòó.
Odò Severn dàgbà jù mí lọ. Èmi ni mo kọ́kọ́ kí i.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tí mo ti fọwọ́ kan àjẹ̀ gbẹ̀yìn.
Apá rò pé òun ti gbàgbé, èjìká ló rán an létí:
kì í bọmi, fà á, yí ọrùn ọwọ́ díẹ̀
bí ẹni ń ṣí kọ́kọ́rọ́ ilé onílé.
Bàbá mi ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀ ní Ayétòrò,
nígbà tí ọkọ̀ jẹ́ bàtà tí à ń wọ̀ lọ sílé ìwé.
Bí mo bá ta omi sí i lójú, á nu ún,
á ní, "Omi ò ṣẹ̀ ọ́. Rọra."

Lẹ́yìn Arley, rélùwéè eléèéfín kọjá lórí afárá;
ọmọ kan juwọ́ sí mi láti ojú fèrèsé.
Mo gbé àjẹ̀ sókè láti dá a lóhùn,
ni ìṣàn bá yí mi po, ó kọjú mi síbi tí mo ti ń bọ̀.
Ó ń bá mi ṣeré. Mo rò pé eré ni.

Ní Bewdley, obìnrin kan àti ajá rẹ̀ dúró létí omi.
"Níbo lo ti ń bọ̀?"
"Bridgnorth."
"Rárá o, níbo gan-an?"
Mo wo omi tó ń kán lẹ́nu àjẹ̀.
"Ìsàlẹ̀ afárá ní Bridgnorth. Lápá òsì."
Ajá gbó. Òun bú sẹ́rìn-ín, ó ju ápù kan sí mi,
ó já sómi, mo lé e bá.
Ó tutù, ó sì dùn.

Ní Lincomb wọ́n fi ògiri dí odò lọ́nà.
Ọkọ̀ ńlá ń wọ yàrá omi, ilẹ̀kùn á tì,
wọ́n á máa sọ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ọba.
Tèmi, èjìká mi ni ilẹ̀kùn rẹ̀.
Mo rù ú gba inú èsìsì kọjá.
Èsìsì ibí náà ń jóni. Ìyẹn ò yàtọ̀ sí tilé.

Lẹ́yìn náà, kò sí ẹnikẹ́ni.
Afẹ́fẹ́ dojú kọ mí, àtẹ́lẹwọ́ mi lé ròrò.
Níbi iṣẹ́ mi ní Kidderminster, láàárín àpótí ẹrù,
ẹ̀rọ kan wà lọ́rùn ọwọ́ mi tó ń ka ìṣísẹ̀ mi.
Mo gbé àjẹ̀ lé itan.
Odò ń gbé mi lọ, kò ka nǹkan kan.

Ọjọ́ rọ̀ kí n tó rí ilé ìṣọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ńlá Worcester,
pẹ́pẹ́yẹ funfun ọlọ́rùn gígùn ń bínú sí mi.
Lára ògiri, wọ́n gé àmì ibi tí odò gùn dé,
ọdún dé ọdún; òmíràn ga ju orí mi lọ.
Mo fọwọ́ kàn án.
Ní Ayétòrò, òkun ti gba àdúgbò wa:
kò ṣẹ́ ku ògiri tí à bá gé àmì sí.

Ẹsẹ̀ mi kọ̀, kò nà. Ọwọ́ mi ṣì ká bí ẹni di nǹkan mú.
Abósèdé gbé mọ́tò dé, ó wò mí tòkètilẹ̀:
"O ń rùn bí ẹja."
Kò bi mí níbo ni mo ti ń bọ̀.
Ó bá mi gbé orí ọkọ̀, mo gbé ìdí.

Lóru, ibùsùn ń mì.
N ò wà á.